Ọ̀pá Abẹ́ Ọkọ̀ àti Àyè Rẹ̀: Ìtàn Bí Mọ́tò Ṣe Kúnlẹ̀ ní Kalifọ́níà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gọ́gọ́rọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí òwe yìí bá bá ẹnikẹ́ni wí, ó bá ẹni tí ó fẹ́ rẹ mọ́tò sílẹ̀ wí. Ohun tí ó hàn síta ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò lára ọkọ̀: ọ̀dà tí ń dán, táyà tí ó mọ́ tónítóní, àti bí ara ọkọ̀ ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ibi tí èrò jókòó sí, irin gígùn kan wà tí kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní puropẹ́là. Òun ni ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì iwájú, tí ó sì ń gbé e fún táyà ẹ̀yìn. Ibi tí irin yìí ń gbà kò fẹ̀. Bí a bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ láìro tirẹ̀ mọ́ ọn, yóò máa ha irin mìíràn títí yóò fi dá a lu, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ́ lójú títì.

Nínú àròkọ yìí, ìtàn àyè kékeré tí ó yí ọ̀pá náà ká ni a fẹ́ tọ̀ dé orísun. A ó rí i pé kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ tí ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dín àyè náà kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ọkọ̀ ni. Ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù ni àwọn ọ̀dọ́ náà jogún. Ọgbọ́n orí àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n sì fi wá ibi tí ọ̀pá yóò gbà, lákòókò tí òfin ìpínlẹ̀ wọn ń kà wọ́n sí arúfin.

Bí Ọ̀pá Ṣe Dé Abẹ́ Ọkọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ṣéènì ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ fi ń yí táyà ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ṣéènì a máa kó eruku, a máa pariwo, a sì máa já. Ní 1898 ni Louis Renault, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ọkọ̀ kékeré kan ní Billancourt lẹ́bàá Paris, ó sì fi ọ̀pá rọ́pò ṣéènì nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá gbọnrangandan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí ní òun nìkan. Ẹ́ńjìnnì jókòó pa sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀nà bá ti rí. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ ní oríkèé, bí ọrùn ọwọ́ ènìyàn ti ní oríkèé. Oríkèé tí a ń lò ní irin bí àgbélébùú láàárín, ìdí sì nìyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń pè é ní kírọ́ọ̀sì. Èrò inú rẹ̀ ti pẹ́. Wọ́n so ó mọ́ orúkọ Girolamo Cardano, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí ó gbé ayé láti 1501 sí 1576, àti Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kú ní 1703. Ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí ó yẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni Clarence Spicer, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà. Ní 1903 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí oríkèé tirẹ̀. Nígbà tí ó di 1904, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní ìlú Plainfield, ní ìpínlẹ̀ New Jersey.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣẹ́ gbà gbé ọ̀pá náà sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn kan fi ọ̀pọ́n irin bò ó, wọ́n sì de ọ̀pọ́n náà mọ́ jíà ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni Ford ṣe sí Model T tí ó jáde ní 1908. Bẹ́ẹ̀ náà ni Peugeot ṣe sí 504, ọkọ̀ tí ojú wa mọ̀ dáadáa nítorí pé ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti 1975. Àwọn mìíràn fi ọ̀pá sílẹ̀ ní ìhòòhò, oríkèé níwájú, oríkèé lẹ́yìn. Irú kejì yìí fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Òun ni ó gbilẹ̀ jù ní Amẹ́ríkà, òun náà sì ni ìtàn wa dá lé.

Ìdíje Láti Rẹ Ọkọ̀ Sílẹ̀

Ọkọ̀ àtijọ́ ga. Lórí ṣáásì ni èrò ń jókòó sí, bí ẹni jókòó sórí pẹpẹ, ọ̀pá sì ń yí nísàlẹ̀ láìsí ẹni tí ó dí i lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ gíga kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ó bá ń yà ní kọ́nà. Àwọn oníbàárà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń rẹ ara ọkọ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ọkọ̀ ń sún mọ́ ọ̀pá.

Ojútùú kan jáde ní 1926. Packard mú jíà ẹ̀yìn irú titun lò, èyí tí ilé-iṣẹ́ Gleason ní ìlú Rochester ti wá ọgbọ́n bí a ó ṣe gé eyín rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, orí ọ̀pá máa ń wọ àárín gbùngbùn jíà ẹ̀yìn. Nínú irú titun yìí, ìsàlẹ̀ àárín náà ni ó ń gbà wọlé. Nípa báyìí, gbogbo ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ sì lè tẹ̀ lé e.

Ní 1948, Hudson gbé ọkọ̀ kan jáde tí èrò ń sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ọkọ̀ náà wà láàárín ṣáásì, kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó di 1958, Chevrolet lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n yọ irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò lára ṣáásì níbi tí èrò jókòó sí, wọ́n sì ṣe ṣáásì náà bíi lẹ́tà X: apá méjì lọ síwájú, apá méjì lọ sẹ́yìn, gbogbo wọn pàdé láàárín. Èrò lè wá gbé ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí irin wà tẹ́lẹ̀. Impala jáde ní ọdún náà gan-an, orí ṣáásì oní-X yìí ni wọ́n sì ń gbé e kà títí dé ti 1964. Nínú ti 1965 ni ṣáásì mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Níbo wá ni ọ̀pá gbà? Inú ihò tí ó wà ní àárín X náà gan-an ni. Wọ́n gé ọ̀pá sí méjì, wọ́n sì fi bíárìn gbé ìdajì rẹ̀ ró láàárín. Irin wà lókè rẹ̀, irin wà nísàlẹ̀, irin wà lọ́tùn-ún àti lósì. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá wà ní gíga tí àwọn tí ó ṣe é fi í sí, àyè náà tó. Ṣùgbọ́n a ti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé-iṣẹ́.

Àwọn Ọ̀dọ́ Ìlà-Oòrùn Los Angeles

Ní àwọn ọdún 1940, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò pọ̀ ní Los Angeles. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ojú ọmọlúàbí wò wọ́n. Ní 1943, àwọn ọmọ ogun ojú omi àti àwọn ọmọ ogun mìíràn rọ́ sí ìgboro, wọ́n ń lu àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, wọ́n ń bọ́ ẹ̀wù wọn, nítorí pé ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀ bí wọn nínú. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọ̀dọ́ náà ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣọ́ ara wọn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń wá eré sísá, àwọn ń wá ìrìn pẹ̀lẹ́. Wọ́n ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi í rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ ní òpópónà Whittier, kí ará àdúgbò lè rí wọn kí ó sì kí wọn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní lowrider. Àwa ó pè é ní ọkọ̀ akúnlẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbà rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kò le. Àpò yanrìn tàbí ti sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń dì sí bọ́ọ̀tù. Àwọn mìíràn ń gé sípíríǹgì kúrú. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọdún 1950 ti ń lọ sópin, òfin kan jáde ní Kalifọ́níà, èyí tí a wá mọ̀ sí ẹsẹ̀ 24008 nínú ìwé òfin ọkọ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ti tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kúrò ní bí wọ́n ti ṣe é, ohunkóhun lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ju ìsàlẹ̀ irin táyà lọ. Ọlọ́pàá tí ó mú ọ̀pá ìwọ̀n dání lè dá ọkọ̀ akúnlẹ̀ dúró níbikíbi.

Ẹni tí ó rí ọgbọ́n dá sí i ni Ron Aguirre, ọ̀dọ́ kan láti agbègbè San Bernardino, tí àwọn ọlọ́pàá máa ń fún ní ìwé ẹ̀sùn. Ní nǹkan bí 1959, ó mú pọ́ǹpù àti fáfù tí a ti ń lò lára ọkọ̀ òfuurufú, ó fi wọ́n sínú Corvette rẹ̀, ó sì ṣe wọ́n bíi jáàkì olóróró. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ a kúnlẹ̀; bí ó bá rí ọlọ́pàá lókèèrè, a tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ a sì dìde dúró gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Kò pẹ́ tí ọgbọ́n yìí fi tàn kálẹ̀, tí ó sì bá Impala oní-X pàdé. Sípíríǹgì wíwé ni Impala ní níwájú àti lẹ́yìn, ó sì rọrùn láti fi jáàkì olóróró sí ibẹ̀. Kò ní irin ẹ̀gbẹ́ tí yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára, àfi ọ̀pá tí ó wà nínú ihò.

Ìṣòro Náà Gan-an

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ yé ara wa. Táyà wà lórí ilẹ̀, irin ẹ̀yìn tí ó so táyà méjèèjì pọ̀ kò sì lè lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí ó wà lọ. Nígbà tí a bá rẹ ara ọkọ̀ sílẹ̀, ṣe ni irin ẹ̀yìn ń gòkè sínú ọkọ̀. Orí ọ̀pá tí a so mọ́ ọn yóò bá a gòkè, nígbà tí orí kejì dúró sí ibi tí bíárìn àárín dì í mú.

Ká ní ọ̀pá ẹ̀yìn gùn ní íǹṣì 40, tí a sì rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní íǹṣì 4. Oríkèé ẹ̀yìn yóò gòkè ní íǹṣì 4 nínú ọkọ̀. Ní agbede-méjì ọ̀pá, íǹṣì 2 ni yóò fi gòkè. Níbi tí ó jìnnà sí oríkèé àárín ní íǹṣì 10, íǹṣì 1 péré ni. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò yìí lè rò pé íǹṣì 1 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n inú ihò ṣáásì ni ibi náà wà, íǹṣì 1 sì lè jẹ́ gbogbo ohun tí ó ṣẹ́kù. Ọ̀pá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha òkè ihò. Bí jáàkì olóróró bá sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè fíofío, òdì kejì ni yóò ṣẹlẹ̀: ọ̀pá yóò tẹ̀ sísàlẹ̀, yóò sì ha ìsàlẹ̀ ihò.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìgòkè íǹṣì 4 lórí ọ̀pá íǹṣì 40 fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ oríkèé sí igun dìgírì 6 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oríkèé kírọ́ọ̀sì ní ìwà kan: bí ó bá tẹ̀, ọ̀pá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní yí déédéé mọ́, bí èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ tilẹ̀ ń yí déédéé. Nínú yíyí kan ṣoṣo, yóò yára lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Oríkèé kejì ni ó yẹ kí ó tún àṣìṣe ti àkọ́kọ́ ṣe, ṣùgbọ́n bí igun méjèèjì bá dọ́gba nìkan ni èyí fi lè rí bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, gbogbo ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, bíárìn yóò sì tètè jẹ.

Ọ̀ràn kẹta ni gígùn ọ̀pá. Apá irin tí ó di irin ẹ̀yìn mú ń yí po bí ilẹ̀kùn ti ń yí lórí ìsolẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí irin ẹ̀yìn bá ti ń gòkè tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, àlàfo tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì kì í dúró sójú kan. Ọ̀pá tí kò lè gùn kí ó sì kúrú yóò yọ níhà kan, tàbí kí ó ti àpótí jíà níhà kejì títí yóò fi bà á jẹ́.

Ọ̀nà Tí Wọ́n Gbà Tún Un Ṣe

Nínú àwọn gáréèjì ẹ̀yìnkùlé Kalifọ́níà ni a ti rí ojútùú sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ìṣòro wọ̀nyí, ọ̀nà náà sì ní ètò. Wíwọ̀n ni ó ṣáájú. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kì í mú ayùn kí ó tó mọ ibi tí irin ti ń kan irin. Yóò sọ ọkọ̀ kalẹ̀ títí dé òpin, yóò fi ọwọ́ yí ọ̀pá, yóò sì fi amọ̀ rírọ̀ sí òkè ihò láti mọ bí àyè tí ó kù ti nípọn tó. Yóò gbé ọkọ̀ sókè dé òpin, yóò tún wọ̀n ọ́n. Yóò gbé táyà kan sókè kí ó sì jẹ́ kí èkejì wà nílẹ̀, nítorí pé ojú ọ̀nà kì í tẹ́ bí ilẹ̀ gáréèjì.

Lẹ́yìn èyí ni yóò wá ohun tí kò mú irin gígé lọ́wọ́. Ó lè fi rọ́bà tí ó nípọn sí i dá irin ẹ̀yìn dúró kí ó tó gòkè dé ibi ewu. Ọkọ̀ kò ní lọ sílẹ̀ tó bí ó ti fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá yóò là. Ó lè gbé bíárìn àárín sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó lè yí gígùn àwọn apá irin ẹ̀yìn padà, kí imú jíà ẹ̀yìn lè kọjú sí ibi tí ó yẹ, kí igun oríkèé sì bá ara wọn mu. Fún ọkọ̀ tí jáàkì ń gbé sókè gidigidi, ọ̀pá tí ó ní eyín gígùn tí ń yọ́ wọ inú ara wọn ni wọ́n ń ṣe, kí ó lè gùn kí ó sì kúrú láìyọ.

Àwọn kan rò pé bí a bá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò èyí tí ó sanra, àyè yóò pọ̀ sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Bí ọ̀pá bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì gùn, bí ó bá ti ń yí kíkankíkan yóò máa jó bí okùn tí ọmọdé ń fò, yóò sì ṣẹ́. Kódà, ara ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín ọ̀pá gígùn sí méjì.

Bí gbogbo èyí kò bá tó, nígbà náà ni wọ́n ń gé òkè ihò ṣáásì. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí ènìyàn. Ṣáásì oní-X kò ní irin ẹ̀gbẹ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́; àárín rẹ̀ ni gbogbo ìlọ́po ọkọ̀ ń bọ́ sí. Ẹni tí ó bá gé ibẹ̀ láìfi irin tí ó nípọn jù ú lọ dí i padà, ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni ó gé, bí a bá fi ọkọ̀ wé ènìyàn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Oníṣẹ́ tòótọ́ a gé ìwọ̀nba tí ó wọ̀n, a tẹ irin pẹlẹbẹ bí òṣùmàrè lé ojú ibẹ̀, a jó o pọ̀ nínú àti lóde, a sì gbé ilẹ̀ ọkọ̀ tí ó wà lókè rẹ̀ ga díẹ̀. Àwọn mìíràn a tún fi òrùka irin yí ọ̀pá ká, kí ó má baà wọ́lẹ̀ bí oríkèé bá já lẹ́nu eré.

Ohun Tí Ìtàn Yìí Fi Yé Wa

Òfin tí ó ní kí ọkọ̀ má kúnlẹ̀ pẹ́ nílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2023 ni gómìnà Kalifọ́níà fọwọ́ sí òfin titun tí ó fa ẹsẹ̀ 24008 ya, tí ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ìlú láti máa dí àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́ rírìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣáájú àkókò náà, àwọn ọkọ̀ fúnra wọn ti gba ọlá. Ní 1990, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian gba ọkọ̀ akúnlẹ̀ kan wọlé, Ford LTD ti 1969 tí ó wá láti Chimayó ní New Mexico. Ní 2017, wọ́n gbé Impala ti 1964 tí a ń pè ní Gypsy Rose, iṣẹ́ Jesse Valadez, lọ sí Washington láti pàtẹ rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Ọkọ̀ oní-X ni. Àwọn tí ó wá wò ó rí òdòdó tí a kùn sí i lára, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pá wà nínú ihò tóóró náà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Fún ìgbà pípẹ́, ẹnu àti ọwọ́ ni ìmọ̀ àwọn gáréèjì ẹ̀yìnkùlé wà, bàbá ń kọ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń kọ́ àbúrò. Ní 1977, àwọn mẹ́ta tí ó ti Yunifásítì San José wá, Larry Gonzalez, David Nuñez àti Sonny Madrid, dá ìwé ìròyìn *Lowrider* sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ohun tí a ń pè ní ìwà ìpáǹle ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àkọsílẹ̀, ohun tí ó sì ní àkọsílẹ̀ ṣòro láti tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní tiwa, àwọn mẹkáníìkì pọ̀ káàkiri tí wọ́n ní ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọṣẹ́. Wọ́n ní orúkọ fún ìró tí ọ̀pá ń dún kí ó tó ṣẹ́, wọ́n ní orúkọ fún irú ìgbọ̀n tí bíárìn jíjẹ ń fà. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò tíì wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ẹ̀ka wa bá mú ìwé àti kálàmù lọ jókòó ti irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, yóò rí ọ̀rọ̀ tí ó tó kọ àpilẹ̀kọ lé lórí, yóò sì gba ìmọ̀ kan là kí ẹni tí ó ni ín tó re ibi tí àgbà ń rè.